Àyẹ̀wò Kóòdù àti Aáwọ̀ Nínú Iṣẹ́ Open Source: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nínú iṣẹ́ open source, ìyẹn sọ́fúwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti lò àti láti tún ṣe, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá látẹnu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kóòdù ránṣẹ́, àti látẹnu àwọn tó ti ń tọ́jú iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ń fọ́ ènìyàn lórí. Ẹ fo èyí tí ẹ bá ti mọ̀.

Kí ni àyẹ̀wò kóòdù?

Kí kóòdù tuntun tó wọlé, ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ á kà á, á béèrè ọ̀rọ̀, á dábàá àtúnṣe, á sì sọ bóyá ó yẹ kó wọlé tàbí kò yẹ. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. GitHub, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ń gbé kóòdù sí, ń pe ohun tí a fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ní pull request, GitLab tó jọ ọ́ ń pè é ní merge request, àwọn tó ń ṣe kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sì ń fi patch (àkọsílẹ̀ àwọn ìlà tó yí padà) ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì títí di òní.

Àṣà yìí ti wà kí open source tó gbilẹ̀. Ní 1976 ni Michael Fagan ti ilé-iṣẹ́ IBM tẹ ìlànà kan jáde fún bí àwọn ènìyàn ṣe lè jókòó pọ̀ ka kóòdù láti fi wá àléébù inú rẹ̀. Ohun tí open source fi kún un ni pé gbangba ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ẹ ò rí rí ló ń yẹ iṣẹ́ yín wò, ohun tó bá sì sọ á wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ kóòdù wò? Mi ò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà.

Ẹnikẹ́ni lè kà á, ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀ sí i. Agbára láti gbà á wọlé nìkan ni kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ọwọ́ olùtọ́jú iṣẹ́ ni ìyẹn wà. Iṣẹ́ tó bá tóbi a máa kọ orúkọ ẹni tó ń bójú tó apá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Fáìlì MAINTAINERS ló wà fún èyí nínú Linux, CODEOWNERS ló wà fún un lórí GitHub.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wúlò ju bó ṣe rò lọ. Ẹ gbé kóòdù náà sórí ẹ̀rọ yín, ẹ mú un ṣiṣẹ́, kí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Àwọn ará kernel Linux ní àmì tí wọ́n fi ń mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Tested-by, ó sì yàtọ̀ sí Reviewed-by. Bí apá kan ò bá yé yín, ẹ béèrè. Bí kò bá yé yín lónìí, kò ní yé ẹlòmíràn lọ́la, á jẹ́ pé kóòdù náà nílò àlàyé nìyẹn.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó yẹ kí àtúnṣe náà wà rárá. Kò sí ohun tó ń bí ènìyàn nínú tó kó tún orúkọ fọ́ńṣọ̀n ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, kó tún ìdánwò kọ, kí wọ́n tó wá sọ fún un pé iṣẹ́ náà ò fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tó bá yẹ kó wà, ẹ wo ọ̀nà tó gbé e gbà. Ṣé ibi tó yẹ ló wà? Ṣé kò ní ba ohun tí àwọn olùlò ti gbára lé jẹ́? Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó máa wá àléébù: kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí àkójọ bá ṣófo, bí fáìlì bá tóbi jù, bí ẹni méjì bá pe fọ́ńṣọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀kan náà?

Ní ti àlàfo, ibi tí kómà wà àti bí ìlà ṣe gùn tó, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. gofmt ń ṣe é fún èdè Go, Black ń ṣe é fún Python, Prettier ń ṣe é fún JavaScript. Àwọn tó bá ṣì ń jà lórí àlàfo lónìí, ìjà ló wù wọ́n.

Báwo ni pull request ṣe yẹ kó tóbi tó?

Kó mọ níwọ̀n tí ènìyàn kan fi lè kà á tán ní ìjókòó kan, kó sì jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe. Ká ní ẹ̀ ń tún àléébù kan ṣe, ẹ wá rí i pé ó yẹ kí orúkọ kan yí padà nínú ogójì fáìlì. Ẹ fi ìyípadà orúkọ yẹn ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlà mẹ́ta tó ṣe pàtàkì á sọnù sáàárín ọgọ́rùn-ún ìlà tí kò ṣe pàtàkì, olùyẹ̀wò á sì fọwọ́ sí i láì kà á dáadáa.

Bí iṣẹ́ náà bá tóbi ní tòótọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ kóòdù. Python ti ní PEP láti 2000, èdè Rust ti ní RFC láti 2014. Ìwé àbá ni méjèèjì, a máa ń jiyàn lé wọn lórí nígbà tí kò tíì sí ẹni tó fi oṣù méjì ṣe iṣẹ́ àṣedànù. Púpọ̀ nínú aáwọ̀ tí mo ń rí lórí pull request jẹ́ àríyànjiyàn tó yẹ kó ti parí kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlà kan.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fi pull request ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ìwé ìtọ́nisọ́nà kernel Linux ní kí ènìyàn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, kó tó rán olùyẹ̀wò létí. Tí ẹ bá máa ránni létí, ẹ sọ ohun tó máa dín ẹrù rẹ̀ kù: "Mo ti gbé e ka orí main tuntun, gbogbo ìdánwò sì yege. Ibi tí mo nílò ojú yín sí jù ni bí a ṣe ń pa ìsopọ̀ dé." (Main ni ẹ̀ka kóòdù tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò.) Ẹ má dárúkọ ènìyàn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì lépa ẹnikẹ́ni dé ìkànnì àdáni rẹ̀.

Ẹ̀yin olùtọ́jú náà, ìdákẹ́jẹ́ yín ń dun ènìyàn ju "rárá" lọ. "A ò ní ráyè wo èyí kí ẹ̀dà tó ń bọ̀ tó jáde" ti tó. Ìṣẹ́jú kan ni kíkọ rẹ̀ ń gbà.

Git ní branch mi forí gbárí pẹ̀lú main. Báwo ni mo ṣe máa yanjú ẹ̀?

Git ni ètò tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà kóòdù, branch sì ni ẹ̀ka tí ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ tiyín lọ́tọ̀. Ẹni méjì ló fọwọ́ kan ibì kan náà, Git ò sì fẹ́ yan èyí tó tọ̀nà fún yín. Nínú fáìlì náà, ẹ máa rí ìlà tó ní àmì < méje, òmíràn tó ní àmì = méje, àti ìkẹta tó ní àmì > méje. Bó bá jẹ́ merge, ìyẹn síso ẹ̀ka méjì pọ̀, lẹ̀ ń ṣe, tiyín ló wà lókè, tàwọn tó kù ló wà nísàlẹ̀. Rebase, tó ń tún iṣẹ́ yín tò sórí main tuntun, ń yí i po: main ló máa wà lókè níbẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́ nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, git merge --abort tàbí git rebase --abort á dá yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yí ètò Git tó ń jẹ́ merge.conflictStyle sí diff3, tàbí zdiff3 tí Git yín bá jẹ́ 2.35 sókè. Èyí á jẹ́ kí ẹ rí bí ibẹ̀ ṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ á sì tètè yé yín. Ẹ ka commit ẹnì kejì, ìyẹn àyípadà tó fi sínú Git pẹ̀lú àlàyé rẹ̀, kí ẹ mọ ohun tó ń lé. Tí kò bá yé yín, ẹ bi í. Tí ẹ bá wá fẹ́ gbé branch tí ẹ ti rebase padà sókè, --force-with-lease ni kí ẹ lò dípò --force, kí ẹ má baà gun iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ìforígbárí tí kò ní àmì kankan. Ẹnì kan yí orúkọ fọ́ńṣọ̀n padà, ẹ̀yin sì ń pè é ní orúkọ àtijọ́ nínú fáìlì míì. Git á so méjèèjì pọ̀ láì sọ nǹkan kan, kóòdù á sì kú. Nítorí náà, ẹ tún gbogbo ìdánwò ṣe lẹ́yìn merge kódà bí Git bá ní kò síyọnu.

Báwo ni mo ṣe lè sọ pé kóòdù kan ò dára láì bú ẹni tó kọ ọ́?

Ẹ sọ ohun tí kóòdù náà ń ṣe, ohun tó máa yọrí sí, àti ọ̀nà àbáyọ tí ẹ rí. "Kí ló dé tí ẹ fi kọ ọ́ báyìí?" dà bí ìbéèrè lójú ẹni tó béèrè rẹ̀, ẹ̀sùn ló jẹ́ létí ẹni tó ń kà á. Ẹ fi wé èyí: "Bí àkójọ yìí bá ṣófo, ìlà 42 á kú. Ṣé ká kọ́kọ́ yẹ gígùn rẹ̀ wò?" Èkejì yìí ò sọ nǹkan kan nípa ọpọlọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù ní gbogbo ojú ìwé yìí ni pé kí ẹ máa sọ bóyá ọ̀rọ̀ yín ń dí kóòdù náà lọ́nà àbí kò dí i. Ẹni tó rí ọ̀rọ̀ méjìlá gbà ò mọ̀ pé mẹ́wàá nínú wọn kàn jẹ́ èrò yín. Ó rò pé ẹ kórìíra gbogbo iṣẹ́ òun ni. Àwọn kan máa ń fi "nit:" ṣáájú ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. GitHub ti ní bọ́tìnì mẹ́ta láti 2016: Comment, Approve àti Request changes. Nínú Gerrit, ètò àyẹ̀wò kóòdù mìíràn, -1 túmọ̀ sí pé ó wù mí kó yí padà, -2 ló ń ti ilẹ̀kùn pa. Èyí tó bá wù kí ẹ lò, kí ẹnì kejì ṣáà mọ ibi tí òun dúró sí.

Bí ẹ bá rí ohun tó dára, ẹ sọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ òótọ́. Oríyìn tí ènìyàn kàn fi ń bo èébú mọ́lẹ̀ kì í pẹ́ hàn.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ohun tí olùyẹ̀wò bá ní kí n ṣe?

Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fèsì sí gbogbo rẹ̀. "Mo ti ṣe é." "Mi ò ní ṣe é, ìdí rẹ̀ rèé." "Ẹ jẹ́ ká fi í sí pull request mìíràn, mo ti ṣí issue fún un." Kò sí ìdáhùn mìíràn lẹ́yìn mẹ́ta wọ̀nyí. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni kí ẹ tẹ bọ́tìnì Resolve, tó ń ti ọ̀rọ̀ pa, lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láì fèsì. Bí ẹ bá sì ní láti ṣàlàyé gígùn, ẹ gbé àlàyé náà sínú kóòdù tàbí sínú commit, torí pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa béèrè ohun kan náà.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó wu kálukú, tó sì jẹ́ pé olùtọ́jú ló ń sọ ọ́, ẹ gbà fún un. Òun ló máa bá kóòdù náà gbé lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pé kóòdù tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ sì mú ẹ̀rí wá: ìdánwò tó kùnà, tàbí àkókò tí iṣẹ́ náà gbà kí àtúnṣe tó wọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tó wọ̀ ọ́.

Olùyẹ̀wò méjì ń sọ ohun tó tako ara wọn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má yí kóòdù náà mọ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan tó dárúkọ àwọn méjèèjì, ẹ la àbá wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fẹnu kò. Ìjà wọn nìyẹn, ẹ má bá wọn jà á. Tí wọn ò bá fẹnu kò, ẹni tí fáìlì MAINTAINERS tàbí CODEOWNERS fi apá kóòdù yẹn sí lọ́wọ́ ló ní ìpinnu. Bí kò bá sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ohun tí iṣẹ́ náà ṣe aláìní ti hàn síta.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kékeré fi ń fa àríyànjiyàn ju ọ̀rọ̀ ńlá lọ?

C. Northcote Parkinson, òǹkọ̀wé kan, ti sọ ọ́ ní 1957: ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ agbára átọ́míìkì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á pẹ́ gan-an lórí bí wọ́n ṣe máa kọ́ ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, torí pé gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ní 1999 ni Poul-Henning Kamp fi àpèjúwe yìí bá àwọn ará FreeBSD, ètò kọ̀ǹpútà kan, wí, ibẹ̀ ni àwọn onísọ́fúwíà ti mú bikeshed, orúkọ tí wọ́n ń pe irú àríyànjiyàn yìí.

Oògùn rẹ̀ ò le. Bí ìpinnu náà bá ṣeé yí padà lọ́la, ẹ yan ẹnì kan, ẹ fún un lọ́jọ́, ohun tó bá sọ labẹ gé. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó gbọ́n jù.

Kí ni +1 àti -1 tí mo ń rí yìí?

Ó sinmi lórí ibi tí ẹ wà. Lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́, +1 kàn túmọ̀ sí "èmi náà fara mọ́ ọn". Ní Apache Software Foundation, àjọ tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ open source, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ìbò ni. Lórí àtúnṣe kóòdù, -1 látọwọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ń dá a dúró pátápátá, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. -1 tí kò ní ìdí ò já mọ́ nǹkan kan. Gbígbé ẹ̀dà jáde yàtọ̀ sí èyí: ó nílò ó kéré tán +1 mẹ́ta, kí +1 sì ju -1 lọ, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè dí i lọ́nà.

Wọ́n tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní lazy consensus: mo ti kéde ohun tí mo fẹ́ ṣe, bí ẹnikẹ́ni ò bá takò mí láàárín àkókò tí mo dá, tó sábà máa ń tó wákàtí 72, ẹ ti gbà nìyẹn. Ó dára fún iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà káàkiri ayé, torí pé oòrùn ẹnì kan ń yọ nígbà tí ẹlòmíràn ń sùn.

Ṣé ìdìbò ni ọ̀nà tó dára jù láti parí àríyànjiyàn?

Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni kí ó jẹ́. Ìbò ń parí ìbéèrè, kì í parí ìbínú. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ Debian, ẹ̀yà Linux kan, ní láti pinnu bóyá systemd ló máa jẹ́ ètò tí ẹ̀rọ á fi máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín sí méjì ọgbọọgba, ìbò alága ló sì já a. Ìpinnu wà lóòótọ́. Síbẹ̀ kí ọdún náà tó parí, àwọn kan ti fi ipò sílẹ̀, àwọn mìíràn sì ti kéde Devuan, Debian tí kò ní systemd.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà tí IETF, àwọn tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ṣàlàyé nínú ìwé wọn, RFC 7282 (kì í ṣe RFC ti Rust), ní 2014. Wọn kì í ka orí. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ṣé gbogbo àtakò ti rí ìdáhùn tó mọ́yán lórí, kódà bí ẹni tó mú un wá ò bá rí ohun tó fẹ́ gbà. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní ìdí gidi lè dá ogún ènìyàn dúró, bẹ́ẹ̀ sì ni ogún ènìyàn tí wọ́n kàn ń pariwo ò lè borí ìdí kan.

Iṣẹ́ wa ní olùdásílẹ̀ tó ń dá gbogbo ẹjọ́. Ṣé ìyẹn burú?

Kò burú títí dìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Guido van Rossum ló ń sọ̀rọ̀ àṣekágbá lórí Python títí di oṣù Keje ọdún 2018. Àríyànjiyàn lórí PEP 572, tó mú àmì := wá, le débi pé bó ṣe fọwọ́ sí i tán ló kọ̀wé pé òun fi ipò náà sílẹ̀, kò sì yan arọ́pò. Àwọn tó kù ní láti jókòó pinnu bí wọ́n á ṣe máa pinnu nǹkan. PEP 13 ló tibẹ̀ jáde, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí wọ́n dìbò yàn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019.

Wọ́n ríbi yọ nítorí pé Python tóbi, ó sì ní àwọn àgbà nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ tó jẹ́ ẹni mẹ́ta péré ló ń ṣe é lè má rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì GOVERNANCE.md nísinsìnyí tí kò sí ìjà: ta ló ń pinnu, ta ló ń rọ́pò rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ìlà mẹ́wàá ti tó.

Ìgbà wo ni àríyànjiyàn di ìwọ̀sí, kí sì ni kí n ṣe sí i?

Nígbà tí ẹni náà bá kúrò lórí kóòdù, tó bọ́ sórí ẹni tó kọ ọ́. "Èyí máa jẹ́ kí ìrántí ẹ̀rọ kún" jẹ́ àtakò tó lè le koko. "Ẹni tó kọ èyí ò yẹ kó sún mọ́ kọ̀ǹpútà" jẹ́ ìwọ̀sí, kódà bí àléébù tó ń sọ bá jẹ́ òótọ́. Ẹ má fèsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ tọ́jú ìlíǹkì rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ìlànà ìwà iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló gba Contributor Covenant ti 2014 gẹ́gẹ́ bí irú ìwé yìí. Kernel Linux gbà á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ní àkókò kan náà tí Linus Torvalds tọrọ àforíjì ní gbangba fún bó ṣe máa ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, tó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà.

Olùtọ́jú tó bá máa ti ìjíròrò pa, kó sọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tún ṣí i. Títì í pa láì sọ nǹkan kan ń mú kí àwọn ènìyàn lọ máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ níbi tí ẹ ò ti lè rí i.

Tó bá jẹ́ olùtọ́jú fúnra rẹ̀ ló ń hu ìwà náà ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ti ń dá. Bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti olùtọ́jú, tó sì jẹ́ pé ímeèlì olùtọ́jú kan náà ni wọ́n ní kí ẹ fi ẹjọ́ sùn sí, kò sí ilé ẹjọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, gbogbo àwọn tó ń bójú tó ìwà ní Rust kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àwọn tó wà lókè pátápátá kì í jíhìn fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ara wọn. Ó di 2023 kí ìgbìmọ̀ adarí tuntun tó gba ipò àwọn ẹni òkè náà.

Ó kéré tán, kí ẹni méjì wà tí ènìyàn lè kọ̀wé sí, kí ọ̀kan nínú wọn má sí lábẹ́ olùtọ́jú àgbà. Iṣẹ́ tó wà lábẹ́ àjọ kan lè lo ẹnì kan láti inú àjọ náà. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ wà, kò sí ìtìjú nínú kí ẹ kó kóòdù yín lọ síbòmíràn.

Àwọn ènìyàn ń ti mí láti gba kóòdù wọlé kíákíá tàbí kí n fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé kí n gbà?

Ẹ rántí xz, ètò kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe tó dára ránṣẹ́ ní 2021. Ní 2022, àwọn orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ń dààmú olùtọ́jú tó ń dá nìkan ṣe é pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, kó gbé e fún ẹlòmíràn. Jia Tan rí ọ̀nà wọlé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn, wá jáde nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Andres Freund, onímọ̀ sọ́fúwíà kan, ló tú u fó ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024, lẹ́yìn tó ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH, ètò tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn olùyẹ̀wò ì bá ti ka kóòdù inú Git náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọn ì bá má rí gbogbo rẹ̀, torí apá kan nínú rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀dà tí wọ́n gbé jáde nìkan, ìyókù sì fara pamọ́ sínú fáìlì ìdánwò. Nítorí náà, ìkánjú ẹlòmíràn kì í ṣe ìdí láti gba kóòdù. Bó bá ti rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹ dá iṣẹ́ náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Kóòdù tí mo fọwọ́ sí ba nǹkan jẹ́. Ta ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò. git revert, àṣẹ tó ń yọ àyípadà kúrò, kì í ṣe ìjìyà, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú commit náà, pẹ̀lú ohun tó yẹ kó yí padà kí ó tó lè tún wọlé. Ìgbà tí ọkàn gbogbo ènìyàn bá balẹ̀ ni kí ẹ tó máa wádìí.

Àléébù tó ń jẹ́ Heartbleed wọ inú OpenSSL, ètò tó ń dáàbò bo ìsọfúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ẹ̀dà 1.0.1 tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ẹlòmíràn ti yẹ kóòdù náà wò kó tó wọlé. Ojú ènìyàn kì í rí gbogbo nǹkan. "Ta ló yẹ èyí wò?" máa ń jẹ́ kí àwọn olùyẹ̀wò sá. "Ìdánwò wo ni ì bá ti mú èyí?" á fún yín ní ohun tí ẹ lè ṣe lọ́la.

Mo fura pé ẹ̀rọ AI ló kọ pull request yìí. Ṣé kí n gbà á?

Ìlànà yàtọ̀ síra. Gentoo, ẹ̀yà Linux mìíràn, fòfin de kóòdù tí AI bá kọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn mìíràn gbà á bí ẹni náà bá ti sọ ọ́. Ẹ kọ tiyín sínú fáìlì CONTRIBUTING.md kó tó di ìjà. Lójú tèmi, ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ta ló máa jẹ́jọ́ rẹ̀. Láti 2004 ni ẹni tó bá kọ Signed-off-by sínú patch Linux ti ń jẹ́rìí sí i pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ò lè jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó fi í ránṣẹ́ ò bá lè ṣàlàyé ìlà tí ẹ béèrè nípa rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹ tì í pa.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀sùn. Ẹni tí èdè iṣẹ́ náà kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ lè máa kọ̀wé bí ẹ̀rọ. Kóòdù ni kí ẹ bi í léèrè, ẹ fi èdè rẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà ti dí. Ìgbà wo ló yẹ ká fork?

Fork ni kí ẹ mú kóòdù náà lọ fi dá iṣẹ́ tiyín sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ó yẹ nígbà tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, tí ìdí ìyapa yín ṣeé kọ sílẹ̀ ní ìlà méjì, tí ẹ sì ní àwọn ènìyàn tó máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìbínú nìkan ò lè gbé fork ró ju oṣù díẹ̀ lọ.

Àwọn kan yọrí sí rere. Ní 1997, àwọn kan tí bí GCC, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, ṣe ń lọ́ra sú dá EGCS sílẹ̀. Ní 1999, EGCS ọ̀hún ló di GCC. io.js yapa kúrò lára Node.js, ètò tó ń mú kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́, ní oṣù Kejìlá ọdún 2014 nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń darí iṣẹ́, wọ́n sì padà pọ̀ nínú Node 4 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. LibreOffice, àkójọ ètò iṣẹ́ ọ́fíìsì, tó kúrò lára OpenOffice ní 2010 ò padà mọ́, kò sì nílò láti padà.

Kí ẹ tó kéde, ẹ yẹ ìwé àṣẹ kóòdù náà wò, kí ẹ sì fi gbogbo ìtàn Git àti orúkọ àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Àṣẹ tó jẹ́ kí ẹ kó kóòdù kì í sábà kan orúkọ àti àmì iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ ti wá orúkọ mìíràn kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ yín tó jáde.